Ẹ̀rọ Kọ́ Wa Níṣẹ́, Ohùn Sọ Wá Di Olórin

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wá sí yàrá iṣẹ́ wa ní Àjàṣẹ́ a máa bi wá ní ìbéèrè kan náà: ilé-ẹ̀kọ́ orin wo ni a lọ, ta sì ni ọ̀gá tí ó kọ́ wa? Bí a bá dá wọn lóhùn pé a kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin kankan, pé àwa fúnra wa ni a jókòó ti ẹ̀rọ títí ó fi yé wa, inú wọn a dùn, nítorí wọ́n gbà pé ọ̀nà ti là fún àwọn náà. Òtítọ́ ni ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n kò pé. Ènìyàn lè fi ara rẹ̀ kọ́ bí a ti ń lo ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ó fi ara rẹ̀ kọ́ èdè tí ó ń fi kọrin. Àwọn kan ti fi í sí i létí kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ sọ bí a ṣe kúrò ní ìdí ẹ̀rọ dé iwájú makirofóònù, àti ohun tí ìrìn náà fi yé wa: ẹ̀rọ lè sọ ènìyàn di oníṣẹ́ orin, ṣùgbọ́n ohùn èdè rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di olórin.

Àwa méjì ni, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ àgbẹ̀ láti agbègbè Kétu. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbé wa wá sí Àjàṣẹ́. Nílé, Yorùbá Kétu ni a ń sọ. Ní kíláàsì, Faransé. Ní ojú pópó àti ní ọjà, èdè Gùn ni a ń gbọ́ jù. Kò sí ohun ìyanu nínú èyí fún ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn wa, nítorí báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń gbé ayé wa. Ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì sí ìtàn tí a ń sọ, nítorí pé ẹni tí ó ń gbé láàrin èdè mẹ́ta, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò yan èyí tí yóò fi sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ni a kọ́kọ́ rà, tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ bá a lọ. A tètè kọ́ láti máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ń ko àgbàdo wọlé nígbà tí òjò bá ṣú. Ètò tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni FL Studio, tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m gbé jáde ní 1997 pẹ̀lú orúkọ FruityLoops. Lójú rẹ̀, ìlù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní àpótí kéékèèké 16. Àpótí tí o bá tẹ̀, ìlù á dún níbẹ̀. Èyí tí o bá fi sílẹ̀, ìdákẹ́ ni. Fún ẹni tí kò mọ nótì kà, ilẹ̀kùn ńlá ni èyí jẹ́. Ojú ni a fi ń rí ìlù kí etí tó mọ orúkọ rẹ̀.

Bí a ṣe kọ́ṣẹ́ kò ní àdììtú. A ó mú orin kan tí a fẹ́ràn, a ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mejìlá, a ó ka iye ìgbà tí ìlù ńlá dún láàrin ìṣẹ́jú kan, a ó wá ibi tí agogo ti ń dá a lóhùn, a ó sì tún orin náà kọ́ láti ìpìlẹ̀ títí tiwa yóò fi jọ tiwọn. Lẹ́yìn náà a ó da tiwa nù, a ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ìlù ńlá àti gìtá báàsì, tí àwọn méjèèjì ń gbé ìsàlẹ̀ ohùn, kò lè pín àyè kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì ní láti fà sẹ́yìn. Báyìí náà ni a ṣe mọ̀ pé orin tí ó dún dáadáa nínú ẹ̀rọ tí a ń fi sí etí lè di ariwo lásán nínú fóònù kékeré, bẹ́ẹ̀ fóònù kékeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi gbọ́ ọ. Òru ni a ń ṣe gbogbo èyí, nígbà tí alùpùpù àwọn zémidjan bá ti dín kù lójú ọ̀nà. Àwọn fídíò tí a ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ. Ọwọ́ olùkọ́ ni a ń wò, a kì í gbọ́ ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra bíìtì lọ́wọ́ wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ráàpù ní Faransé àti ní Gùn ń wá, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ń wá, àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe òkú àgbà ń wá pé kí a fi orin mọ orúkọ bàbá àwọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́: kí ó dún bí ti Èkó, tàbí kí ó dún bí ti Abidjan. A ń ṣe é fún wọn, wọ́n sì ń san owó. Ní ìgbéyàwó kan ní Pọ́bẹ̀, a dúró lẹ́bàá àgọ́, a ń wo ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń jó sí ìlù tí a fi òru mẹ́ta ṣe. Orúkọ olórin ni wọ́n ń ké. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ wá, kò sì sí ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi mọ̀ wá. Bí àṣà iṣẹ́ yìí ti rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ìlú: ẹni tí ó ń ṣe ìlù wà lẹ́yìn aṣọ, ẹni tí ó ń kọrin wà lójú agbo.

Àwọn kan ti jáde láti ẹ̀yìn aṣọ yẹn. Ní Èkó, Phillip Kayode Moses, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Pheelz, ti ṣe ìlù fún Olamide fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òun àti BNXN tó gbé orin «Finesse» jáde ní 2022, tí ìgboro fi wá mọ ohùn rẹ̀ bí wọ́n ti ń mọ ìlù rẹ̀. A gbọ́ ọ, a sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwa ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, láti inú ohun kan tí gbogbo ẹni tí ó ń ṣe bíìtì mọ̀, tí kì í sì í sọ.

Ohun náà nìyí. Bí oníbàárà bá fẹ́ mọ bí orin yóò ṣe lọ, ẹni tí ó ṣe ìlù ni yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí oníbàárà lè tẹ̀ lé e. Ohùn atọ́nà ni. Nígbà tí olórin gan-an bá ti kọ tirẹ̀ tán, a ó pa ohùn atọ́nà rẹ́. Fún ìdí èyí, nínú gbogbo orin tí a ti ṣe, ohùn wa ni ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ọwọ́ wa náà ni ó sì pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a ń fi sínú ohùn atọ́nà kò ní ìtumọ̀ pàtó. Ohun tí ó bá wá sẹ́nu ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó ń wá sẹ́nu, ì báà jẹ́ pé Faransé ni oníbàárà fẹ́ kọ. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan láti inú ẹgbẹ́ akọrin wá gbọ́ iṣẹ́ tí a ṣe fún wọn. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ó ń kọrin yìí? Ẹ má pa á rẹ́ o.» Ẹ̀rín ni a fi dá a lóhùn. Síbẹ̀, nígbà tí ó lọ tán, a kò pa á rẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọrin ní orílẹ̀-èdè wa kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Gnonnas Pedro, tí ó kú ní 2004, kọrin ní Yorùbá pẹ̀lú àwọn èdè mìíràn, ó sì tún di ohùn fún ẹgbẹ́ Africando tí ń kọ sálúsà káàkiri ayé. Angélique Kidjo, ọmọ Wídà tí a bí ní 1960, ń kọrin ní Fọ̀n àti ní Yorùbá lórí àwọn pèpéle tó tóbi jùlọ lágbàáyé. Ohun tí àwọn wọ̀nyí fi hàn wá ni pé èdè ilé kì í dí ọ̀nà mọ́ ènìyàn. Ohun tí wọn kò lè ṣe fún wa ni kí wọ́n kọ orin wa. Ìyẹn kù sí wa lọ́wọ́.

Orin àkọ́kọ́ tí a pinnu láti kọ fúnra wa, orí bàbá wa àti oko rẹ̀ ni ó dá lé. Ìlà kan wà nínú ègbè rẹ̀ tí ó sọ pé ọkọ́ bàbá wa kò dípẹtà. A kọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́, nítorí a fẹ́ kí ó dà bí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ létí. A fi ẹ̀rọ tí ń tún ohùn ṣe gbá a, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí ohùn gbogbo oníbàárà, ó sì dán bí awo tuntun. Nígbà tí a lọ sí ilé ní ìsinmi, a mú un lọ bá àbúrò bàbá wa ní Kétu. Onílù ni bàbá náà. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń lùlù fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ó gbé fóònù sí etí, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí a tún un gbé.

Ó ní: «Ta ni ọkọ bàbá yín?»

A ní: «Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ọkọ́ ni a wí, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko.»

Ó ní: «Ẹ̀yin wí ọkọ́. Àpótí yín wí ọkọ.»

Àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. A padà sí ìdí kọ̀ǹpútà, a ṣí ohùn tí a gbà sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó fọwọ́ kàn án: ọkọ́ ni, kedere. A ṣí èyí tí ẹ̀rọ ti tún ṣe: ọkọ ni, kedere bákan náà. Àgbà kan tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ti gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún wa nídìí ẹ̀rọ kò jẹ́ kí a máa fi etí sí.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jùlọ nínú wọn, Auto-Tune, ti jáde ní 1997. Andy Hildebrand ni ó ṣe é ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó dé ìdí orin, ó ti ń lo ìmọ̀ nípa ìgbì ohùn fún àwọn tí ń wá epo nínú ilẹ̀. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi irú rẹ̀ ti wà, títí kan àwọn tí ènìyàn lè rí lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ wọn kò pọ̀: ẹ̀rọ náà ń wọn bí ohùn ti ga tó, ó ń wá nótì tí ó súnmọ́ ọn jùlọ nínú àtẹ nótì tí a yàn fún un, ó sì ń fa ohùn náà lọ síbẹ̀. Nínú èdè Faransé, bí a bá fa «maison» sókè tàbí sílẹ̀, ilé náà ni ó ń jẹ́. Adùn rẹ̀ ni ó lè yàtọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Èdè tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Dò, re, mí ni àwọn olùkọ́ wa fi ń kọ́ ọmọdé ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Nótì ti wà nínú ọ̀rọ̀ kí olórin tó la ẹnu. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: lẹ́tà kan náà ni, ohùn ni ó pín wọn níyà.

Nítorí pé pẹ̀lẹ́ ni a ń kọrin, àlàfo tí ó wà láàrin «ọ» àti «kọ́» nínú orin wa kéré. Etí ọmọ Yorùbá gbọ́ àlàfo náà. Ẹ̀rọ kò ka èyí sí àlàfo. Lójú rẹ̀, ohùn méjèèjì súnmọ́ nótì kan náà, ó sì kó wọn jọ sórí rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, bí i nínú «bàbá», ohùn kì í fò lójijì. Ó ń yọ́ gòkè. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ yára ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gé yíyọ́ yẹn kúrò. Ẹ̀rọ náà kò ṣe ju ohun tí a ní kí ó ṣe lọ. Kò gbọ́ Yorùbá ni, kò sì sí ẹni tí ó rán an pé kí ó gbọ́ ọ.

Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà síwájú, a rí i pé ogbó ni ọ̀ràn yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìjọ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ó ti wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀, orin ń gòkè. Àwọn olùjọsìn ń fi ọkàn kan kọ ohun tí kò túmọ̀ sí ohun tí ó wà nínú ìwé. Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1953, ó sì tẹnu mọ́ ọn nínú rẹ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ohùn orin máa tẹ̀ lé. Ohun tí dùùrù ṣe sí èdè wa nígbà yẹn ni ẹ̀rọ kékeré inú kọ̀ǹpútà ń ṣe sí i lónìí. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà: nígbà yẹn, àwọn àlejò ni wọ́n gbé ohùn orin wá, lónìí, àwa ọmọ onílé ni a ń tẹ bọ́tìnnì.

Àbúrò bàbá wa kò ka ìwé Phillips, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó fi kọ́ wa kò jìnnà sí i. Ó gbé ìlù rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa, ó ní: «Ẹ má tíì kọ ọ́ lórin. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi.» A sọ ọ́. Ó fi ìlù sọ ọ́ padà. Ó ní kí a tún un sọ, kí a má kánjú; ó tún fi ìlù sọ ọ́. Nígbà tí ìlù àti ẹnu wa bára mu, ó ní: «Ẹ wá fà á gùn nísinsìnyí. Orin ti dé.» Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì, ohùn àti àkókò nìkan ni ó ní, síbẹ̀ ó ń ki ènìyàn, ó ń bú ènìyàn, ó ń pe ọba wọlé. Bí ohùn àti àkókò bá tó fún ìlù láti fi sọ̀rọ̀, ó yẹ kí ó yé olórin pé ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù nínú orin rẹ̀ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, bí a ṣe ń ṣe orin ti yí padà. A ń kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú ìwé ìránṣẹ́ orí fóònù, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi àmì sí i. Àwọn mìíràn tí wọ́n kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa a máa kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ. Èyí tí ó wù kí a lò, àmì ohùn ni ó di nótì fún àwa tí a kò mọ nótì kà. Lẹ́yìn èyí, a ń sọ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù bí ìgbà tí a bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, a sì ń fi orin sí orí rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, kí ó má gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí ó lè di òmíràn, a ń jẹ́ kí àlàfo rẹ̀ fẹ̀ kí etí má baà ṣì í gbọ́.

Lórí ẹ̀rọ tí ń tún ohùn ṣe, àwa méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n nínú wa fẹ́ kí a yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ó ní ohùn tí ó gbọ̀n díẹ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ tí ó yẹ̀. Àbúrò ní etí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ti mọ́ ohùn dídán, pé bí a bá kọ̀ ọ́, wọn kò ní gbọ́ wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ibi tí a bá a dé báyìí ni pé a kì í fi kan ẹni tí ń dá orin. A ń lò ó fún àwọn elégbè níbi tí wọ́n bá ń fa ohùn lásán, tí kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, kò sì burú bẹ́ẹ̀.

Ìlù pàápàá ní láti yí padà. Ẹ rántí àpótí 16 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yóò máa ronú ní mẹ́rin-mẹ́rin láìmọ̀. Ṣùgbọ́n agogo kan wà tí a mọ̀ ní gbogbo etíkun wa, tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Kúbà, tí àwọn ọmọ wọn ṣì ń lù níbẹ̀: àyè 12 ni ó ní, ẹ̀ẹ̀meje ni a ń lù ú. Ẹ ka oókan dé eéjìlá, kí ẹ pàtẹ́wọ́ ní 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12, ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ara yín ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kò wọ inú àpótí 16. A yí ètò náà padà sí 12, ẹ̀rọ sì gbà láìjiyàn. Ó kàn ń dúró de ẹni tí yóò béèrè. Lẹ́yìn èyí, a gba ìlù àbúrò bàbá wa sílẹ̀. Ètò náà ní bọ́tìnnì kan tí ń ti gbogbo lílù sí ojú ìlà gan-an. A tẹ̀ ẹ́ wò, ìlù náà sì kú. Ó ń dún síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè jó o. Ibi tí ó ti ń pẹ́ díẹ̀, tí ó ń ti ẹsẹ̀ alájòótà síwájú, ni ẹ̀rọ kà sí àléébù. A dá a padà sí bí ọwọ́ rẹ̀ ti lù ú.

Àwọn tí wọ́n ti jókòó di òru Ẹ̀fẹ̀ rí yóò mọ ìdí tí èyí fi jẹ wá lógún. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí àwọn tí wọ́n gbé igi tó jáde jó, olórin àti onílù ni wọ́n ń kọ́kọ́ jáde. Orin ni a fi ń yin àwọn ìyá wa, òun náà ni a fi ń bá aláìdáa wí ní gbangba láìjà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá yẹ̀ nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ẹni tí a ń bá wí yóò sùn dáadáa. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì ti wọ àkọsílẹ̀ ogún àjọní aráyé ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Iyì ni. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kì í lu ìlù; ọwọ́ ni ó ń lù ú, ọwọ́ a sì máa darúgbó.

A tún orin ọkọ́ náà kọ, nínú yàrá tí a fi tìmùtìmù àti aṣọ ìborùn ìyá wa bo ògiri rẹ̀ kí gbohùngbohùn má baà wọlé. Láti orí fóònù kan sí òmíràn ni ó ń lọ. Àwọn kan ní Kùtọ̀nú sọ pé ó dún bí orin ará oko. Oníbàárà méjì tí wọ́n ń fẹ́ ìlù bí ti Èkó kò padà wá mọ́, nítorí wọ́n gbọ́ pé a ti di olórin, pé ọwọ́ wa yóò máa dí. Owó tí ń wọlé dín kù ní ọdún yẹn. Ní ọjà Kétu, obìnrin kan tí ń ta iṣu ń kọ ìlà náà bí ó ti ń to iṣu rẹ̀. Ọkọ́ ni ó ń wí, ohùn rẹ̀ sì tọ́. Kò mọ̀ pé àwa tí a dúró níwájú rẹ̀, tí a ń ná iṣu, ni a kọ ọ́. A san iye tí ó pè.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ rin ọ̀nà yìí, ohun díẹ̀ ni a ní láti sọ. Ẹ kọ́ ẹ̀rọ dáadáa. Aláìmọ̀ṣẹ́ kò lè fi àṣà bo àìmọ̀ṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi orúkọ yín sí ara iṣẹ́ yín kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, tí ó jẹ́ ti 2006, kò dá ẹ̀tọ́ dúró sórí ẹni tí ń kọrin nìkan. Ẹni tí ó ṣẹ̀dá ohùn orin ní tirẹ̀, BUBEDRA sì ni ọ́fíìsì tí a ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá yín kì í ṣe ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Èkó, nítorí náà kò yẹ fún orin. Yorùbá Kétu, ti Ṣábẹ̀ẹ́ àti ti Àjàṣẹ́ ní ohùn tiwọn, ohùn yẹn gan-an ni ẹlòmíràn kò lè bá yín kọ.

Ní báyìí, iṣẹ́ kan wà tí a ń ṣe ní gbogbo ìsinmi. A ń jókòó ti àbúrò bàbá wa, yóò sọ gbólóhùn kan, yóò fi ìlù sọ ọ́, a ó sì gba méjèèjì sílẹ̀ pọ̀: ọ̀rọ̀ lápá kan, ìlù lápá kejì. A ń kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé pẹ̀lú àmì rẹ̀, a ń fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí Kétu, èkejì sí Àjàṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n ní àárọ̀, nítorí náà ọ̀sán ni a ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọ́bẹ̀ àti ní ìhà Tógò, onílù wà ní ìlú tiyín náà. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá wọn jókòó nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ fún yín pé ohun tí ẹ wí kọ́ ni àpótí yín ń wí.